Ìwọ̀n Ẹ̀gbà Ọwọ́ Eyín Erin Òwò

Ọnà ara ẹ̀gbà ọwọ́ eyín erin Òwò ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń gbé yẹ̀wò. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bèèrè irú ọwọ́ tí ó lè wọ̀ ọ́. Ẹ̀gbà idẹ tí ó lẹ́nu ṣeé fún pọ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́, ṣùgbọ́n eyín erin kì í tẹ̀. Ibi tí ọwọ́ ti fẹ̀ jù, ní oríkèé ìdí àwọn ìka, ni ìwọ̀n irú ẹ̀gbà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọrùn ọwọ́. Ohun tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá kò lè ṣàìdẹ̀ díẹ̀ lọ́rùn ọwọ́.

Erin pàápàá lọ́wọ́ sí i. Ìdí eyín, níbi tí ihò àdámọ́ wà, ni ó fẹ̀ jù. Láti ara eyín kan ṣoṣo ni oníṣẹ́ ọnà Òwò ti gbẹ́ òbìrìkìtì méjì, ọ̀kan nínú èkejì, tí wọ́n ń mì ṣùgbọ́n tí wọn kò ṣeé yà. Bí ó bá gbẹ́ inú jù, ara ẹ̀gbà lè fọ́. Bí kò bá gbẹ́ ẹ tó, ọwọ́ ọlọ́lá kò ní wọlé. Irú wọn tí ó ti wà ṣáájú ọdún 1800 wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Fífẹ̀ inú wọn ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dé ibẹ̀ kọ́kọ́ wọ̀n.