Ẹran Tí Òfin Dá Sí, Tí Oko Kò Dá Sí: Ọ̀ràn Ẹranko Ìgbẹ́ ní Àkókó

Ní oṣù Òkúdù ọdún 2021, John Oates àti àwọn onímọ̀ ẹranko ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé ọ̀wàwà tó ń gbé láàárín odò Volta àti odò Ọya jẹ́ irú kan lọ́tọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Dendrohyrax interfluvialis. Ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ tú u fó. Ọ̀wàwà ìlà-oòrùn Ọya àti ti ìwọ̀-oòrùn Volta máa ń fi igbe ta lóru. Èyí tó wà láàárín ń gbó. Wọ́n wọn agbárí rẹ̀, wọ́n yẹ àwọ̀ irun wò, wọ́n yẹ àbùdá ìran rẹ̀ wò, gbogbo rẹ̀ sì bá ohùn náà mu. Ilẹ̀ Yorùbá bọ́ sí àárín odò méjèèjì yìí, Àkókó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó pẹ̀lú. Ẹran tí ọdẹ ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lóru láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ọdún 2021 ni ìwé ìjìnlẹ̀ tó fún un lórúkọ tirẹ̀.

Àlàfo tó wà láàárín ohun tí ọdẹ mọ̀ àti ohun tí ìwé mọ̀ yìí ló wà nídìí ìṣòro ẹran ìgbẹ́ ní Àkókó. Òfin wà, ìjìyà inú rẹ̀ sì ń le sí i. Ṣùgbọ́n ibi tí òfin dúró sí tó ń ṣọ́nà jìnnà sí ibi tí ẹran ti ń kú, òfin kò sì tíì bá àwọn tó mọ ibẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nàìjíríà wọ àdéhùn CITES, èyí tó de òwò ẹranko tó ń lọ sí ìparun láàárín orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, ní ọdún 1974. Ọdún mọ́kànlá gbáko kọjá kí òfin abẹ́lé tó tẹ̀lé e ní 1985. Òfin yẹn pín ẹran sí àtẹ méjì: àwọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣòwò wọn rárá, àti àwọn tí èèyàn lè fi ìwé àṣẹ tà. Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ ká ẹran àtẹ kìn-ín-ní mọ́ lọ́wọ́ yóò san ₦1,000. Owó gidi ni nígbà náà. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá ta ọ̀yà kan ṣoṣo lè san án kí ó sì gba ṣéńjì. Ní 2016 ni wọ́n tó gbé owó ìtanràn náà dé mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Ní 2025, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà tún fọwọ́ sí àbá òfin tuntun tó lè sọ ọ̀daràn sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá tàbí kí ó san tó mílíọ̀nù méjìlá náírà.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òwò òkèèrè ni òfin 1985 dojú kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an sọ bẹ́ẹ̀. Èèyàn tó mú akika nídìí kòkó lẹ́yìn Sùpárè ní Àkókó, tó sun ún, tó sè é, tí òun àti ẹbí rẹ̀ sì jẹ ẹ́ tán kí ilẹ̀ tó ṣú, kò kó ẹrù kankan gba èbúté kọjá. Ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ kò sì sí nítòsí rẹ̀. Méje ni irú ọgbà bẹ́ẹ̀ tí Nàìjíríà ní títí di 2020. Nígbà tí wọ́n fi mẹ́wàá kún un lọ́dún náà, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun rí tirẹ̀ gbà ní Ọbà Hill, Oǹdó kò rí ìkankan. Àwọn igbó ọba tó wà lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, irú èyí tó wà ní Ìfọ̀n àti létí odò Ọ̀sẹ̀, ni ilẹ̀ tó sún mọ́ Àkókó jù lọ tí ìwé ìjọba dá sí.

Ọ̀rọ̀ akika ló fi àṣìṣe kíkọjú sí òwò òkèèrè nìkan hàn kedere. Ní 2016, CITES fòfin de òwò òkèèrè gbogbo irú akika mẹ́jọ tó wà láyé. Síbẹ̀, Charles Emogor, ọmọ Nàìjíríà tó ṣe ìwádìí rẹ̀ ní yunifásítì Cambridge, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò ìpẹ́ akika tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé láàárín 2010 sí 2021, tó sì ní í ṣe pẹ̀lú Nàìjíríà: ó lé ní 190,000 kílò. Ẹran tí wọ́n ti ní láti pa kí ìpẹ́ náà tó tó bẹ́ẹ̀ kò dín ní 799,000. Ní oṣù Agẹmọ 2021 nìkan, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù rí ohun tó lé ní tọ́ọ̀nù méje ìpẹ́ kó ní Èkó. Ìwé ìròyìn pariwo rẹ̀, ẹni tó bá kà á yóò sì gbà pé àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Éṣíà ló ń ran ọdẹ wọ igbó.

Ìwádìí mìíràn tí Emogor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2025 yí èrò yẹn padà. Wọ́n bá ọdẹ àti àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ní agbègbè igbó Cross River sọ̀rọ̀, wọ́n lé ní 800. Nínú 100 akika tí wọ́n mú, nǹkan bí 98 ni wọ́n mú fún jíjẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni ọdẹ kò wá rárá. Ó kàn pàdé rẹ̀ ni. Ìpẹ́ ńkọ́? Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n dà nù. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí ní Cross River tó ní ọ̀nà tààrà sí Kamẹrúùnù àti sí etíkun, kò sí ìdí láti rò pé Àkókó yàtọ̀. Akika kì í sáré. Bí ó bá gbúròó èèyàn, á ká ara rẹ̀ kò, ìpẹ́ rẹ̀ á sì bò ó. Ẹkùn lè kùnà láti tú u, àmọ́ ọmọ ọdún méjìlá tó mú àdá lọ́wọ́ á kàn fa gbogbo rẹ̀ sókè, á sì gbé e lọ ilé. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń bí lẹ́ẹ̀kan. Kọ́sítọ́ọ̀mù lè dúró sí gbogbo èbúté Èkó tọ̀sán tòru, akika oko Ọ̀kà ní Àkókó kò ní torí rẹ̀ pọ̀ sí i.

Àwọn ẹran kan tún wà tí ikùn kọ́ ló ń pa wọ́n. Igún kì í ṣe ẹran tí Yorùbá ń jẹ. Èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ó ti fìgbà kan jẹ́ ẹyẹ tí ó ń bá alápatà pín ibi iṣẹ́, tí kò sẹ́ni tó lé e. Láti 2015 ni wọ́n ti ka igún tó wọ́pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sí ẹyẹ tó wà ní bèbè ìparun. Ní Guinea-Bissau, láàárín oṣù díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, májèlé pa igún tó lé ní 2,000, wọ́n sì bá ọ̀pọ̀ nínú wọn láìní orí. Orí yẹn ni wọ́n ń tà fún àwúre àti oògùn, àwọn tó ń ta egbòogi lọ́jà Nàìjíríà náà sì ń tà á. Èèwọ̀ tó ní kí a má jẹ igún kò sọ nǹkan kan nípa kí a má fi ṣe oògùn, inú àlàfo yẹn ni igún ń kú sí.

Ti odídẹ sàn díẹ̀, nítorí ọ̀nà àbáyọ wà lára ẹyẹ náà fúnra rẹ̀. CITES fòfin de òwò òkèèrè rẹ̀ ní 2016. Ọba kò lè jẹ láìsí ìkóódẹ, Àkókó sì jẹ́ ilẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìlú ló ní ọba aládé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ ni ìkóódẹ, odídẹ a sì máa pààrọ̀ ìyẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹyẹ tó bá wà láàyè á tún hu òmíràn. Bí àwọn kábíyèsí Àkókó bá fi ẹnu kò pé ìkóódẹ tí ẹyẹ bọ́ sílẹ̀ nìkan ni yóò wọ ààfin, àṣẹ yẹn á ṣiṣẹ́ ju ìtanràn mílíọ̀nù márùn-ún lọ, nítorí àwọn gan-an ni oníbàárà.

Orílẹ̀-èdè tí wọ́n sábà ń fi ṣe àpẹẹrẹ rere nínú ọ̀ràn yìí ni Nepal, lẹ́sẹ̀ òkè Himalaya. Wọ́n ṣe òfin ẹran ìgbẹ́ wọn ní 1973, ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ọgbà Chitwan sílẹ̀. Akika wà nínú àtẹ ẹran tí òfin náà dá sí. Wọ́n kó ológun sínú ọgbà láti ṣọ́ àgbáńréré, ẹran náà sì ń pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni ogun abẹ́lé dé. Ìjọba kó púpọ̀ nínú àwọn ológun náà kúrò nínú igbó, àgbáńréré Chitwan sì já láti 544 ní ọdún 2000 sí 372 ní 2005. Ohun tó kọ́ni níbẹ̀ ni pé ẹ̀ṣọ́ tó ti ìta wá máa ń lọ nígbà tí iṣẹ́ mìíràn bá pè é.

Ohun tí Nepal ṣe yàtọ̀ ni àtúnṣe òfin ti 1993: ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ọgbà ń pa yóò padà sọ́dọ̀ àwọn abúlé tó yí i ká, àwọn ni yóò sì pinnu ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Nígbà tí ogun parí, àwọn abúlé wọ̀nyí ló wà nílẹ̀. Ní 2021, àgbáńréré gbogbo orílẹ̀-èdè náà di 752. Táígà tó jẹ́ 121 ní 2009 di 355 ní 2022. Kì í ṣe pé ohun gbogbo dùn. Wọ́n lé àwọn onílẹ̀ kúrò nílé baba wọn kí ọgbà tó wà, táígà sì ń pa èèyàn, débi pé olórí ìjọba wọn nígbà náà, K. P. Sharma Oli, sọ ní gbangba pé ẹran náà ti pọ̀ ju ohun tí orílẹ̀-èdè òun lè gbà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé àpẹẹrẹ Nepal wá sí Àkókó láìsọ apá yìí ń tan aráàlú ni.

Àpẹẹrẹ kan sún mọ́lé ju ìyẹn lọ. Ní Boabeng àti Fiema, ìlú méjì ní Gánà, ọ̀bọ àti ẹdun jẹ́ ẹran òrìṣà tí kò sẹ́ni tó ń pa wọ́n. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn ọmọ ìjọ Kristẹni kan bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n láti fi hàn pé èèwọ̀ náà kò múlẹ̀. Àwọn àgbà ìlú kò jókòó máa bá wọn jà lórí ẹ̀sìn. Wọ́n tọ ìgbìmọ̀ àgbègbè Nkoranza lọ, ní 1975 ìgbìmọ̀ náà sì ṣe òfin ìbílẹ̀ tó fòfin de pípa ọ̀bọ ní agbègbè náà. Láti ìgbà náà, onígbàgbọ́ tó kọ òrìṣà sílẹ̀ ṣì ní òfin tí ó gbọ́dọ̀ pa mọ́.

Ní Àkókó, àwọn ìlú bíi Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà kún fún ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Igbó tí èèwọ̀ nìkan ń ṣọ́ níbẹ̀ kò ní ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀ lọ́la, bí ó ti wù kí àwọn tó fẹ́ràn àṣà sọ pé àwọn baba wa ti ṣe tiwọn. Irú agbára tí ìgbìmọ̀ Nkoranza lò wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Àkókó.

Kí ni wọn yóò ṣọ́? Òkè ni. Àpáta ńláńlá tó yí Ìkàrẹ́, Àkùngbá àti Ọ̀kà ká ti gba igi àti ẹran là ju ìwé ìjọba èyíkéyìí lọ, nítorí ọkọ́ kò ràn án, katakata kò sì lè gùn ún. Ohun tó tún lè wà nínú pàlàpálá irú òkè bẹ́ẹ̀ yani lẹ́nu. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà ní òkè Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí kan náà, tí wọn kò tíì rí níbòmíràn láyé. Onímọ̀ ẹranko kan, Schiøtz, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1963. Lẹ́yìn náà, ó pòórá nínú àkọsílẹ̀ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, àfi ìgbà tí Abiodun Onadeko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ní 2014 pé àwọn tún ti rí i. Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà ní Àkùngbá, lẹ́sẹ̀ òkè gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ wá irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ kò ní wọ ọkọ̀ kó tó débẹ̀. Iná ọ̀gbẹlẹ̀ ni ọ̀tá òkè wọ̀nyí. Ọdẹ tó finá sígbó nítorí ọ̀yà méjì ń jó ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ọdẹ náà ni olùṣọ́ tó dára jù. Nígbà tí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2020, ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ ni wọ́n ti wá èèyàn, torí ta ló tún mọ igbó? (Ẹran tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹgbẹ́ náà wà nínú àtẹ kìn-ín-ní òfin 1985, èèyàn díẹ̀ ló rántí.) Ìjọba gbà pé ọdẹ lè ṣọ́ èèyàn. Kò tíì gbà pé ó lè ka ẹran. Ọ̀wàwà ni ó yẹ kí kíkà náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí a kò nílò láti rí i: ọdẹ jókòó síbi kan náà lóru, ó gbọ́ iye tó gbó, ó sì sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ọdẹ.

Àgbẹ̀ yóò ní ọ̀bọ ń jẹ àgbàdo òun. Òótọ́ ni, òfin tó bá sì dá ọ̀bọ sí láìsan owó àgbàdo náà kò ní pẹ́ kú. Ẹlẹ́ran ìgbẹ́ yóò ní kí ni òun máa tà. Ọ̀yà àti òkété kì í ṣe ẹran tó ń lọ sí ìparun. Kí ó máa tà wọ́n. Ní orílẹ̀-èdè Benin, láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń sin ọ̀yà nínú ilé. Òfin ìbílẹ̀ tó bá dárúkọ akika, ọ̀wàwà àti igún nìkan, tó sì fi ìyókù sílẹ̀, á rọrùn fún ọdẹ láti gbà ju àtẹ gígùn tó ń bọ̀ láti Àbújá lọ.

Owó ni ó kù. Àkókó kò ní arìnrìn-àjò tó ń sanwó wo ẹran bíi ti Chitwan. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Oǹdó ń gba owó lórí igi tí wọ́n ń gé nínú igbó ọba, igi yẹn sì ni ilé ẹran tí à ń wí. Kí wọ́n kọ ìdá tó máa padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ọdẹ àti àwọn àgbẹ̀ tí ọ̀bọ jẹ oko wọn sínú òfin ìbílẹ̀ náà, ní iye pàtó, kí ọdẹ kankan tó jókòó ka ẹran. Ìdá tí Nepal ń san wà nínú ìwé òfin, ìyípadà ìjọba kò sì gbà á lọ́wọ́ àwọn abúlé.