Ilé Eré inú Odi Bosra

Ẹni tí ó bá dé Bosra, ní gúúsù ilẹ̀ Síríà, kò ní kọ́kọ́ rí ilé eré. Odi ni yóò rí: ògiri òkúta dúdú gìrìwò, ilé ìṣọ́ gíga-gíga, àti yàrà jíjìn tí a gbẹ́ yí i ká. Àfi bí ó bá la inú odi náà já ni yóò tó bá ara rẹ̀ láàárín ìjókòó olókùúta tí ó tẹ̀ bí ilàjì òṣùpá, tí ó gba nǹkan bí 15,000 ènìyàn.

Ní ọdún 106 ni Trajan, ọba Róòmù, gba ilẹ̀ àwọn Nabatea, Bosra sì di olú-ìlú ẹkùn tuntun tí wọ́n pè ní Arébíà. Nínú ọ̀rúndún kejì yẹn ni wọ́n kọ́ ilé eré náà. Àwọn Gíríìkì a máa to ìjókòó sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Ilẹ̀ Bosra tẹ́jú, nítorí náà àjà olókùúta tí ó tẹ̀ bí ọrun ni wọ́n fi gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Òkúta ibẹ̀, tí iná inú ilẹ̀ pọ̀ jáde nígbà láéláé, ṣòro í gbẹ́, ó sì ṣòro í bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n líle òkúta nìkan kọ́ ni ó yọ ọ́. Níbi púpọ̀, bí eré bá ti dákẹ́, àwọn ará ìlú a tú òkúta ilé eré lọ kọ́ ilé. Ti Bosra bọ́ nítorí pé àwọn tí kò ní í fi ṣeré rí ìwúlò mìíràn fún un. Àwọn Mùsùlùmí gba ìlú náà ní 634. (Àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa kò ní ṣàì mọ orúkọ rẹ̀: ibẹ̀ ni ìtàn sọ pé Bahira, àlùfáà Kìrìsìtẹ́nì, ti rí àmì lára Ànábì nígbà èwe rẹ̀.) Lẹ́yìn tí àwọn jagunjagun Kìrìsìtẹ́nì láti Yúróòpù ti gbógun ti ibẹ̀ ní 1147, àwọn ọba ìran Ayyub fi ilé ìṣọ́ ńláńlá yí ilé eré ká, wọ́n sì kọ́lé sórí ìjókòó rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ bo ìyókù.

Ní ọ̀rúndún ogún ni wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ náà kúrò, tí wọ́n sì wó àwọn ilé Ayyub tí ó wà nínú rẹ̀. Èmi kò lè dá wọn lẹ́bi, nítorí ohun tí ó jáde lẹ́wà púpọ̀. Síbẹ̀, iṣẹ́ àwọn tí ó dáàbò bo ìjókòó náà ni wọ́n wó kí ojú lè rí i. Ìlànà pé ti Róòmù nìkan ni ó yẹ ní títọ́jú kò tẹ́ mi lọ́rùn.

UNESCO fi Bosra sínú àkọsílẹ̀ ogún aráyé ní 1980. Ní 2013, nígbà tí ogun abẹ́lé ti gba Síríà kan, ó fi í sí ara àwọn tí ó wà nínú ewu. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba ìlú náà ní 2015, ìjọba sì gbà á padà ní 2018. Ìbọn dún nídìí ògiri tí wọ́n kọ́ nítorí ọfà.