Eegun Jumbo: Ohun tí Ó Yẹ kí Ọgbà Ẹranko Fi Òkú Ẹran Ńlá Ṣe

Ní alẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1885, ọkọ̀ ojú irin kọlu erin kan tó ń jẹ́ Jumbo ní ìlú St. Thomas, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ó sì pa á. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti mú un ní kékeré. Ọgbà ẹranko London ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀, tí àwọn ọmọdé ń gun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeré, kí P. T. Barnum, ọ̀gá eléré ará Amẹ́ríkà tó ń kó ẹranko kiri ìlú fún ìran wíwò, tó rà á lọ́dún 1882. Barnum kò jẹ́ kí òkú náà lọ lásán. Ó ní kí wọ́n bó awọ rẹ̀, kí wọ́n nà án sórí igi bí erin ààyè, kí wọ́n sì to eegun rẹ̀ lọ́tọ̀. Erin kan ṣoṣo wá di ìran méjì tí wọ́n ń gbowó lé lórí.

Yunifásítì Tufts ni awọ náà bọ́ sí nígbẹ̀yìn, iná sì jó o níbẹ̀ lọ́dún 1975. Eegun rẹ̀ lọ sí American Museum of Natural History ní New York. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ eegun náà wò fún ètò tẹlifíṣàn tí David Attenborough ṣe lọ́dún 2017, wọ́n rí i pé eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọ́, nítorí oúnjẹ tí wọ́n ń fún un kò ní ẹ̀ka àti èèpo igi tó yẹ kí erin máa rún. Ìbàdí àti orúnkún rẹ̀ ti jìyà bíi ti arúgbó erin, bẹ́ẹ̀ kò ju bí ọmọ ọdún 24 lọ. Ní London, Jumbo a máa bínú lóru débi pé á máa fọ́ ilé rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé eyín ló ń dùn ún. Ó gbà ju 130 ọdún lọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ èyí, eegun ló sì jẹ́rìí rẹ̀.

Ohun tí mo ń sọ ni pé gbèsè tí ọgbà ẹranko jẹ ẹran tó há mọ́lé kò tán lọ́jọ́ tí ẹran náà kú. Ó gbọ́dọ̀ tú òkú náà wò, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀, kó tọ́jú eegun àti díẹ̀ lára ẹran ara fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kó sì kéde àbájáde rẹ̀ fún aráyé.

Ọ̀rọ̀ Knut, béárì funfun ọgbà ẹranko Berlin, fi ìdí èyí múlẹ̀. Ìyá rẹ̀ kọ̀ ọ́, olùtọ́jú ló fi ìgò wàrà wò ó dàgbà. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 2011, gìrì mú un lójú àwọn èrò ìwòran, ó ṣubú sínú omi, ó sì kú lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Inú bí ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mùsíọ́mù fẹ́ fi awọ rẹ̀ ṣe ère, ìbínú náà sì yé mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tọ́jú díẹ̀ lára ọpọlọ rẹ̀ àti omi inú rẹ̀. Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn èròjà tó yẹ kó máa dáàbò bo ara Knut ló yíjú padà sí ọpọlọ rẹ̀. Lára ènìyàn nìkan ni wọ́n ti mọ irú àìsàn bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé dókítà ẹranko tó bá rí irú gìrì bẹ́ẹ̀ lónìí mọ ibi tí òun lè wò, àìsàn náà sì ní ìtọ́jú lára ènìyàn.

Àǹfààní náà a máa dé ọ̀dọ̀ ènìyàn tààrà. Lọ́dún 1999, Tracey McNamara, dókítà tó ń yẹ òkú ẹranko wò ní ọgbà ẹranko Bronx, kọ̀ láti gbà pé ikú àwọn ẹyẹ rẹ̀ àti àìsàn ọpọlọ tó ń pa àwọn ará New York kò bára tan. Àrùn West Nile ni, tí kò tíì dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí.

Fífi òkú ẹran bọ́ ẹran mìíràn ńkọ́? Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 2014, ọgbà ẹranko Copenhagen pa Marius, àgùnfọn kan tó ṣì kéré. Wọ́n tú u wò níṣojú èrò, tọmọdé tàgbà, wọ́n sì gbé ẹran rẹ̀ fún kìnnìún. Ayé bínú. Èmi náà kò fara mọ́ pípa tí wọ́n pa á, torí ọgbà mìíràn ti lóun á gbà á. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀ ló tọ́. Ìbọn ni wọ́n fi pa á, wọn kò gún un lábẹ́rẹ́, torí pentobarbital tí wọ́n fi ń pa ẹran láìjẹ́ kó jẹ̀rora kì í tán lára òkú. Igún tàbí ajá tó bá jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀ lè bá a lọ. Ìdí nìyí tí ọgbà ẹranko fi gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí òkú máa gbà kí wọ́n tó fa oògùn sínú abẹ́rẹ́.

Àwọn kan á ní kí wọ́n sáà sun ún tàbí kí wọ́n sin ín kíákíá, torí àrùn. Níbi tí ìfura anthrax bá wà, wọ́n jàre pátápátá: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ la irú òkú bẹ́ẹ̀, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá kan kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á di irúgbìn àrùn tí í pẹ́ nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù Keje ọdún 2023 ni wọ́n rí àrùn yìí lára ẹran ọ̀sìn ní Ìpínlẹ̀ Niger ní Nàìjíríà níbí. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti etí lábẹ́ ẹ̀rọ awò tó láti fi mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan máa fi ìbẹ̀rù anthrax sin gbogbo òkú láìwò, ọ̀lẹ ló ń ṣe.

Èyí tó le jù ni eyín, ìwo àti awọ. Ọjọ́ tí erin bá kú là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, àwọn ọ̀daràn fọ́ ọgbà ẹranko Thoiry ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n yìnbọn pa àgbáńréré kan tó ń jẹ́ Vince, wọ́n sì gé ìwo rẹ̀ lọ. Ọgbà Dvůr Králové ní ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì ti dáná sun àwọn ìwo tó wà ní ìpamọ́ rẹ̀ ní gbangba lọ́dún 2014. Èmi gbè sẹ́yìn wọn. Bí ọgbà ẹranko bá ta ẹyọ kan pẹ̀lú ìwé àṣẹ, ìwé náà á di aṣọ ìbora fún ọgọ́rùn-ún tí wọ́n jí pa. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọ́ eyín erin tó tó tọ́ọ̀nù 2.5 túútúú ní Àbújá; kò ní bójú mu kí ọgbà ìjọba kan máa yọ́ awọ ẹkùn tà fún ẹlẹ́kùlẹ́jà lẹ́yìn èyí. Kí wọ́n wọn ohun gbogbo, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, kí apá tí kò bá wúlò fún ẹ̀kọ́ sì jóná.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun èlò wà nítòsí. Yunifásítì Ìbàdàn ní ọgbà ẹranko, ó sì ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko nínú ọgbà kan náà. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní mùsíọ́mù ohun alààyè tirẹ̀, ọgbà ẹranko yunifásítì yìí sì ni kìnnìún ti pa olùtọ́jú rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2024, tí wọ́n fi pa kìnnìún náà. Bí irú àjálù bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ níbikíbi, ẹbí olóògbé ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ bóyá àìsàn, ebi tàbí ọgbẹ́ kan wà lára ẹran náà, òkú rẹ̀ nìkan ló sì lè sọ ọ́.

Owó títọ́jú eegun kò tó ohun tí à ń bẹ̀rù. Ẹ kó eegun tí ẹran ti kúrò lára rẹ̀ sínú àwọ̀n, kí ẹ sin ín sí ibi tí omi kì í dúró sí, ilẹ̀ á jẹ ìyókù. Ní ọdún kan sí méjì, akẹ́kọ̀ọ́ á wú u jáde, á fọ̀ ọ́, á sì kọ nọ́ńbà sí i lára ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí àjọ tó ń fún ọgbà ẹranko níwèé àṣẹ máa béèrè ìwé àyẹ̀wò òkú lọ́dọọdún kó tó tún àṣẹ náà ṣe, kí ọgbà tí kò bá sì ní in tilẹ̀kùn títí yóò fi ní in.