Ìlà Títò àti Ọkọ̀ Wíwà nílùú Lọ́ńdọ̀nù: Ohun tí Ìtàn Wí

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ti gbé Lọ́ńdọ̀nù rí. Bí wọ́n bá délé, tí dánfó kan ṣàdédé já wọ iwájú wọn, tàbí tí ẹnì kan ré kọjá àwọn tó ti ń dúró ní báńkì tó sì lọ dúró níwájú, wọn a mi orí, wọn a ní inú ẹ̀jẹ̀ òyìnbó ni ètò wà, rúdurùdu ni ti aláwọ̀ dúdú. Ìtàn Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀ kò gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ wà nínú èdè. Queue, orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìlà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ àwọn Faransé ni wọ́n ti yá a. "Ìrù" ni ó túmọ̀ sí níbẹ̀. Nínú ìwé tí Thomas Carlyle kọ lórí ìdìtẹ̀ ńlá ilẹ̀ Faransé, èyí tí ó jáde ní ọdún 1837, ó lò ó fún àwọn ará Páàrì tí wọ́n ń tò lẹ́nu ilé àwọn aṣebúrẹ́dì. Ẹ̀bùn tí a fi ń dá àwọn Faransé mọ̀ ni ó kà á sí!

Ti ọkọ̀ wíwà tún burú ju èyí lọ. Òfin ọdún 1930 mú òdiwọ̀n eré kúrò pátápátá fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Bìrìtéènì. Ní ọdún 1934, ènìyàn 7,343 ni ó kú lójú pópó ilẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ibẹ̀ kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Leslie Hore-Belisha, tí ó jẹ́ mínísítà ìrìnnà nígbà náà, ri òpó tí gílóòbù aláwọ̀ ọsàn wà lórí wọn síbi tí ẹlẹ́sẹ̀ yóò ti máa sọdá. Àwọn ará ìlú kan ń sọ gílóòbù wọ̀nyí lókùúta, wọ́n ń fọ́ wọn. Ọdún 1935 ni òfin tó fi òdiwọ̀n máìlì 30 ní wákàtí kan lélẹ̀ nígboro, tí ìdánwò sì di dandan fún awakọ̀ tuntun. Ní ọdún 1933, ẹgbẹ́ WASU, tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1925, ti ṣí ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Camden Road. Bí ẹnì kan bá sọ fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń sọdá títì lágbègbè yẹn pé jẹ́jẹ́ ni òyìnbó ń wakọ̀ láti inú ìyá rẹ̀ wá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ní ti ìlà, ogun ni ó sọ ọ́ di bárakú. Láti ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 1940 ni ìjọba ti ń fi ìwé pín bọ́tà, ṣúgà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀. Ẹni tó ní ìwé mọ̀ pé ìpín òun wà nílẹ̀, ì báà pẹ́ dé. Ẹja, tí kò sí lábẹ́ ètò náà, ni ìlà rẹ̀ máa ń gùn. Ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1954 ni ètò ìpín oúnjẹ tó dópin. George Mikes, akọ̀ròyìn ọmọ Hungary tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1938, fi ìlà títò yìí ṣe àwọn Gẹ̀ẹ́sì lẹ́fẹ̀ nínú How to be an Alien ní ọdún 1946. Ojú àlejò ríran lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlú tí ogun ti tẹ̀ lórí ba ni ó ń wò.

Ní Nàìjíríà, ìjọba ológun Muhammadu Buhari àti Túndé Ìdíàgbọn gbé ètò WAI, ìyẹn ogun lórí ìwà àìlétò, dìde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1984. Ìlà títò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Sójà tó mú kòbókò lọ́wọ́ ń to èrò ní ibùdókọ̀, ìlà sì gún. Lẹ́yìn tí a gba ìjọba lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1985, ìlà náà túká. Ọ̀pọ̀ ló fi èyí ṣe ẹ̀rí pé ọmọ Nàìjíríà kò ṣeé tọ́. Wọ́n gbàgbé pé kòbókò kò fi ọkọ̀ kan ṣoṣo kún ọkọ̀. Ẹni tó wà nípò ogójì mọ̀ pé dánfó tó ń bọ̀ kò lè gba ìdajì àwọn tó wà níwájú òun, kò sì mọ ìgbà tí òmíràn yóò dé.

Ní àwọn àdúgbò kan náà, nídìí ẹ̀rọ omi ìjọba, garawa àti korobá a máa tò láti ìdájí láìsí sójà kankan. Ẹni tó gbé tirẹ̀ sílẹ̀ lè lọ dáná nílé. Bó bá padà dé, àyè rẹ̀ ṣì wà, ẹni tó bá sì gbé tirẹ̀ síwájú yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu gbogbo wọn. Ìgbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tín-ín-rín, tó fẹ́ dáwọ́ dúró, ni ìjà máa ń bẹ́ sílẹ̀.