Amadou àti Mariam: Tọkọtaya aláìríran láti Mali tó fi orin wo ọgbẹ́ àwùjọ

Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹrin, ọdún 2025, Amadou Bagayoko, akọrin àti onígìtá ọmọ orílẹ̀-èdè Mali, jáde láyé ní Bamako. Ẹni ọdún 70 ni. Ikú rẹ̀ ya tọkọtaya tó ti jọ ń kọrin fún ohun tó lé ní 40 ọdún.

Aláìríran ni òun àti ìyàwó rẹ̀, Mariam Doumbia. Káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti Yúróòpù, a kì í sábà dárúkọ ọ̀kan kí a má dárúkọ èkejì. Ohun tí orin wọn dá lé kò pọ̀: ìfẹ́, sùúrù, ìrẹ́pọ̀, àti bí ẹni tí ìyà jẹ ṣe lè padà sí àárín àwọn ènìyàn rẹ̀.

Báwo ni ojú wọn ṣe fọ́?

Bamako, olú-ìlú Mali, ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, Amadou ní ọdún 1954, Mariam ní ọdún 1958.

Ọmọ ọdún 5 ni Mariam nígbà tí èéyí kọlù ú. Èéyí ni àìsàn tó ń mú kí ara ọmọdé gbóná, kí ó sì sú wooro. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè ba ojú jẹ́ pátápátá, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì rí fún Mariam. Ọdún 1963, tí ó pé ọmọ ọdún 5, ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ fún àìsàn náà. Kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní àkókò tí ì bá fi gbà á.

Ní ti Amadou, díẹ̀díẹ̀ ni ojú tirẹ̀ ń ṣókùnkùn. Nígbà tí yóò fi di ọ̀dọ́langba, kò ríran mọ́.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú ní agbègbè wa, ẹni tí ojú rẹ̀ bá fọ́ máa ń di ẹni tí à ń fà lọ́wọ́ kiri, tàbí ẹni tó ń ṣagbe lẹ́bàá títì. Àìsàn á gba ojú rẹ̀, àwùjọ á sì gba ààyè rẹ̀. Ìpàdánù kejì yìí ni tọkọtaya náà fi gbogbo ayé wọn bá jà.

Ibi tí wọ́n ti pàdé

Ní nǹkan bí agbedeméjì àwọn ọdún 1970, wọ́n pàdé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ aláìríran tó wà ní Bamako. Mariam ti ń kọrin níbi ìgbéyàwó àti àjọ̀dún láti kékeré. Amadou, ní tirẹ̀, ti di ọ̀gá lórí gìtá, ó sì wà lára Les Ambassadeurs du Motel, ẹgbẹ́ olórin tí Salif Keita náà kọrin nínú rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Eclipse, Idrissa Soumaoro sì ni ó ń darí rẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ tí ojú wọn fọ́ ti di ẹni tí àwọn aráàlú ń wá gbọ́. Níbẹ̀ náà ni ìfẹ́ ti wọ̀ láàrin Amadou àti Mariam, wọ́n sì ṣègbéyàwó ní ọdún 1980.

Ipa tí ọmọ Nàìjíríà kó

Ní ọdún 1986, wọ́n kó lọ sí Abidjan ní Côte d'Ivoire, nítorí pé ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gba ohùn orin sílẹ̀ pọ̀ sí ní ìgbà náà. Olùgbéjáde orin kan tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Aliyu Maikano Adamu, ló bá wọn gbé ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì jáde.

Nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì ìgbà náà, kò sí ariwo ohun èlò púpọ̀. Gìtá Amadou àti ohùn àwọn méjèèjì ló gba iwájú. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì yìí ló sọ wọ́n di ẹni mímọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí àwọn òyìnbó tó gbọ́ orúkọ wọn rárá. Orúkọ tí àwọn ènìyàn ń pè wọ́n nígbà náà ni "tọkọtaya afọ́jú láti Mali."

Láti Bamako dé gbogbo àgbáyé

Ní ọdún 1998, wọ́n gbé àwo orin "Sou Ni Tile" jáde ní ilẹ̀ Faransé, orin inú rẹ̀ tí wọ́n pè ní "Je pense à toi" sì tàn káàkiri.

"Dimanche à Bamako", àwo orin tí Manu Chao bá wọn ṣe ní ọdún 2004, ló wá gbé wọn ga jù lọ. Ìtumọ̀ àkọlé náà ni "Ọjọ́ Àìkú ní Bamako". Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ ìgbéyàwó ní ìlú náà: ìlù á máa dún ládùúgbò, mọ̀lẹ́bí àti aládùúgbò á sì péjọ. Tọkọtaya náà kó ayẹyẹ yìí sínú orin, àwo náà sì gba àmì ẹ̀yẹ Victoires de la Musique ní ilẹ̀ Faransé.

Ní ọdún 2006, wọ́n bá Herbert Grönemeyer ọmọ Jámánì kọ orin ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Ní ọdún 2009, wọ́n kọrin níbi ayẹyẹ ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel ní Oslo.

Orin ní àkókò ogun

Ọ̀kan nínú àwọn orin wọn tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù ni "Sabali", tó wà nínú àwo "Welcome to Mali" ti ọdún 2008. Ìtumọ̀ "sabali" ní èdè Bambara ni sùúrù.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí Mali fi nílò sùúrù náà. Ní ọdún 2012, àwọn ológun gba ìjọba, àwọn agbébọn sì gba àríwá orílẹ̀-èdè náà, títí kan Timbuktu àti Gao. Wọ́n fòfin de orin ní àwọn ìlú náà, ọ̀pọ̀ olórin sì sá kúrò nílé.

Ní ọdún 2017, tọkọtaya náà gbé àwo orin "La Confusion" jáde, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ "Ìdàrúdàpọ̀". Ipò tí Mali wà ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ìlù ijó ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀. Níbi tí àwọn kan ti ń fi ìbọn tú àwọn ènìyàn ká, orin wọn ń pè wọ́n jọ.

Nígbà tí àwọn olùwòran náà kò ríran

Ní ọdún 2011, ní ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣe eré kan tí wọ́n pè ní Eclipse, orúkọ kan náà pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Wọ́n pa gbogbo iná gbọ̀ngàn, àwọn olùgbọ́ sì jókòó nínú òkùnkùn biribiri títí orin fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹni tó ríran àti ẹni tí kò ríran di ọgba.

Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀

Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024, wọ́n kọrin níbi ayẹyẹ ìparí ìdíje Paralympics ní Paris, níwájú àwọn akanda ẹ̀dá tó wá láti gbogbo àgbáyé. Oṣù méje lẹ́yìn náà ni Amadou kú.

Orin wọn kò dá ojú ẹnikẹ́ni padà, àwọn méjèèjì kò sì fìgbà kan sọ pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó dá àwọn fúnra wọn padà sí àárín ìlú, níbi tí wọn kò ti ní jẹ́ ẹni à ń ṣàánú. Ọmọ tí èéyí gba ojú rẹ̀ ní Bamako di ìyá, ó di olórin, ó sì di ẹni tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ fi ń yangàn. Mariam ṣì wà láyé, ohùn rẹ̀ kò sì tíì dákẹ́.