Ará Assinie Tó Lọ Wo Òyìnbó Níran

Ní Adjamé, ní Abidjan, Côte d'Ivoire, níbi tí mo ti ń tajà, «librairie par terre» ni wọ́n ń pe iṣẹ́ wa: ilé ìtàwé orí ilẹ̀. Mo tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, mo to àlòkù ìwé lé e, mo fi àpótí jókòó. Bí òjò bá ṣú, mo ká gbogbo rẹ̀. Ọmọ Èjìgbò ni bàbá àti ìyá mi, Treichville ní Abidjan níbí ni wọ́n bí mi sí. Ọṣẹ ni ìyá mi tà títí ó fi dàgbà, kò sì gbà rí pé ìwé jẹ́ ọjà. Ó ní ọṣẹ ń tán, ìwé kì í tán, ta ni yóò padà wá rà á? Òǹkọ̀wé kan ni kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ délẹ̀délẹ̀: Bernard Dadié.

Bí ilé-ìwé bá ti fẹ́ wọlé, àwọn òbí á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè Le Pagne noir. Ìwé àlọ́ ni, 1955 ló jáde. Aláǹtakùn tó ń jẹ́ Kacou Ananzè ló ń hu gbogbo ìwà Ìjàpá nínú rẹ̀. Ní kékeré, mo máa ń kà á fún ìyá mi, màá máa fi Yorùbá sọ ọ́. Ó ní irọ́ ni, Ìjàpá gan-an ni. Àwọn ará ibí ló jí i gbé, tí wọ́n bọ́ ìkarawun lọ́rùn rẹ̀, tí wọ́n fún un ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ.

Èmi ní tèmi, àwọn ìwé ìrìn àjò rẹ̀ ni mo fẹ́ràn. Nínú Un Nègre à Paris, tó jáde ní 1959, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú bọ́ sọ́wọ́ Tanhoé Bertin tó ń sọ ìtàn náà, inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn, ó sì gba Paris lọ. Ojú tí òyìnbó fi ń wo abúlé wa tẹ́lẹ̀ ló fi wo tiwọn: bí wọ́n ṣe ń sáré wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, bí wọ́n ṣe ń jókòó sí ilé kọfí, àwọn ọba tí wọ́n jẹ lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Ó ń yà á lẹ́nu, ó ń bọ̀wọ̀ fún wọn, ó sì ń bú wọn láìpariwo. Ẹni tó bá bínú kò ní rí ibi tó máa mú un.

Ṣáájú ìgbà náà, Áfíríkà ni òǹkọ̀wé Yúróòpù ń rán akọni rẹ̀ sí. Jenő Rejtő, ará Hungary tó ń fi orúkọ P. Howard kọ̀wé, pa àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìtàn àwọn ọmọ ogun Légion étrangère ti Faransé nínú aṣálẹ̀ Sàhárà. Èmi kò lè bú u; Júù ni, ibi iṣẹ́ àfipáṣe tí wọ́n kó o lọ ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ló kú sí ní 1943. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Dadié, ọ̀nà náà yí padà. Ọmọ aláwọ̀ dúdú ló di arìnrìn-àjò, Paris ló di igbó tí Fágúnwà rán Àkàrà-oògùn lọ. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí New York nínú Patron de New York ní 1964, àti sí Róòmù nínú La Ville où nul ne meurt ní 1968. Méjèèjì gba ẹ̀bùn Grand prix littéraire d'Afrique noire. Ká sọ òótọ́, ti Paris falẹ̀ láàárín, níbi tí ìtàn àwọn ọba ti pọ̀ jù. Mo máa ń sọ fún oníbàárà pé kó fo ojú ewé díẹ̀.

Ẹ̀rín rẹ̀ kò wá láti inú ìdẹ̀ra. Assinie ni wọ́n ti bí i ní 1916. Ó kàwé ní Bingerville, ó kàwé ní ilé-ìwé William-Ponty ní Gorée, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí IFAN ní Dakar títí di 1947. Nínú Climbié, tó jáde ní 1956, ó sọ nípa ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní «symbole», tí wọ́n ń gbé lé ọmọ ilé-ìwé tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló máa wà títí yóò fi mú ẹlòmíràn tó ṣe irú rẹ̀. Mo sọ èyí fún àwọn ìbátan mi ní Èjìgbò, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àwọn náà ti san owó ìtanràn fanákúlà rí nílé-ìwé, torí pé wọ́n sọ Yorùbá.

Ní February 1949, ìjọba Faransé kó òun àti àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú RDA méje mìíràn sẹ́wọ̀n ní Grand-Bassam. Albert Paraiso àti Philippe Vieyra wà nínú wọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí orúkọ wọ̀nyẹn, mo dúró: orúkọ Àgùdà ni, irú èyí tó kún Àjàṣẹ́. Ní December ọdún náà, àwọn obìnrin gbéra láti Abidjan lọ sí Bassam láti béèrè pé kí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Àwọn sójà da omi lù wọ́n, wọ́n yin afẹ́fẹ́ tajútajú sí wọn ní orí afárá. Afárá náà ni wọ́n ń pè ní Pont de la Victoire lónìí. Oṣù mẹ́rìndínlógún ni Dadié lò níbẹ̀. Ó ń kọ ìwé nínú yàrá ẹ̀wọ̀n; Carnet de prison kò jáde àfi ní 1981, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti di mínísítà Àṣà fún ààrẹ Houphouët-Boigny. Ẹ̀dà méjì péré ló ti kọjá lórí ọ̀rá mi.

Nígbà tó kú ní 9 March 2019, lẹ́ni ọdún 103, gbogbo ìwé rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi tán láàárín ọjọ́ méjì. Ó ku Un Nègre à Paris kan ṣoṣo, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Ìyáàfin kan dì í mú, ó ń ná an. Mo ní ẹgbẹ̀rún méjì sẹ́fà, ó ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

Mo ní, «Ìyá wa, ẹ gbọ́ pé bàbá náà ti kú o.»

Ó ní, «Mo gbọ́. Kí ló tún fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún méjì ṣe?»

Mo gba ẹgbẹ̀rún kan.