Ọ̀pá Gíà Tí Ó Há sí Páàkì: Ìtàn Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ Lórí Òkè Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni ọ̀ràn kan tí àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì agbègbè Ìjerò, Aramọkọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè mọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tí kì í sábà wọ inú ìwé ìtàn: ọkọ̀ àgbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tí ọ̀pá gíà rẹ̀ sì kọ̀ láti kúrò ní páàkì. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, gíà ni ó bàjẹ́. Èrò tiwa ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tí ó ṣe gíà. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sábà máa ń fa ìdíwọ́ náà: ọ̀kan ti òkè òkun wá, èkejì sì ti ara òkè tiwa níhìn-ín wá.

Bí ènìyàn bá ti Iléṣà ń bọ̀, tí ó kọjá Erin-Ìjẹ̀ṣà, ojú ọ̀nà yóò bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè kí ó tó dé Ẹ̀fọ̀n. Láti ibẹ̀ dé Aramọkọ, òkè kò jìnnà sí títì. Ní ayé bọ́lẹ̀kájà, ọmọ ọkọ̀ ni ó máa ń mú igi tàbí òkúta dání. Bí ọkọ̀ bá ti dúró níbi tí ó dà gẹ̀rẹ́, yóò bẹ́ sílẹ̀, yóò sì fi í di táyà. Awakọ̀ kì í gbẹ́kẹ̀ lé bíréèkì nìkan.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ìjọba Nàìjíríà yí ìwakọ̀ padà láti apá òsì títì sí apá ọ̀tún. Kí ó tó di ìgbà náà, ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ni ó bá títì wa mu. Ìyípadà yìí ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ọkọ̀ Amẹ́ríkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀kùn náà ṣí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gba ibẹ̀ wọlé. Ní 1975, Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó. Peugeot 504 àti ọkọ̀ ìjàpá ni ó gba ìgboro, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú wọn ni ó ní kílọ́ọ̀ṣì àti gíà tí a ń fi ọwọ́ yí. Nígbà tí ètò ọrọ̀-ajé tí a mọ̀ sí SAP dé ní 1986, iye náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì bọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ àti akọ̀wé. Ọkọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ti lò rí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni a yí sí. Púpọ̀ nínú wọn gba èbúté Kùtọnu wọlé. A sọ wọ́n ní tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wálé. Orúkọ náà bá wọn mu ju bí àwọn tí ó sọ wọ́n bẹ́ẹ̀ ti rò lọ, nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa gbé ìwà ibi tí a bí i sí wálé.

Ọ̀kan nínú ìwà wọ̀nyí ni títì tí a ti ọ̀pá gíà mọ́ páàkì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1986 kan náà, ètò 60 Minutes lórí tẹlifíṣọ̀n CBS ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀sùn jáde pé ọkọ̀ Audi 5000 a máa dédé sáré fúnra rẹ̀ bí a bá ti yọ ọ́ kúrò ní páàkì. Ní 1987, ilé-iṣẹ́ náà pe ọkọ̀ wọ̀nyí padà láti fi ìdènà kan sí wọn: bí ẹsẹ̀ kò bá tẹ bíréèkì, ọ̀pá gíà kò ní kúrò. Nígbà tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ààbò ọkọ̀ gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1989, ohun tí wọ́n rí nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni pé ẹsẹ̀ awakọ̀ ni ó ṣì tẹ iná dípò bíréèkì. Ẹ̀sùn kú, ìdènà kò kú. Ó tàn dé ara ọkọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, títí ó fi di òfin ní Amẹ́ríkà fún ọkọ̀ kékeré ọtomátíìkì tí a bá ṣe láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010.

Mẹkáníìkì tí ó kọ́ṣẹ́ lára 504, tí ó sì gba fíríìdọ̀ọ̀mù lára 504, kò ní ìdí tí yóò fi ronú kan iná bíréèkì nígbà tí gíà bá kọ̀. Nínú ẹ̀kọ́ tirẹ̀, gíà jẹ́ ọ̀ràn irin, iná sì jẹ́ ọ̀ràn rìwáyà. Ààlà wà láàárín iṣẹ́ méjèèjì. Orí ààlà yìí gan-an ni ìdènà tuntun náà jókòó sí. Nítorí náà ni a fi ń tú gíà tí kò ṣẹ̀, tí ọlọ́kọ̀ sì ń sanwó iṣẹ́ tí kò yẹ ní ṣíṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò àkọ́kọ́ kò gba sípánà. Súwíìṣì kékeré tí ó wà lókè ẹsẹ̀ bíréèkì ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń tan iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì ń jẹ́ kí iná dé ìdí ọ̀pá gíà, níbi tí irin òòfà kan ti ń tú ìdènà. Kí a ṣí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kí ẹnìkan tẹ bíréèkì, kí ẹlòmíràn wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí iná ẹ̀yìn kò bá tàn, fíúsì tàbí súwíìṣì yẹn ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá tàn, tí a kò sì gbọ́ kí nǹkan dún "kẹ́" nídìí ọ̀pá, wáyà ibẹ̀ tàbí irin òòfà náà ni kí a yẹ̀ wò. Bí ó bá dún tí ọ̀pá kò sì mì, ó lè jẹ́ pé okùn irin tí ó so ọ̀pá mọ́ gíà ti dípẹtà. Bátìrì tí ó ti rẹ̀ tán náà tó láti há a. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ihò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá gíà tí a fi ìdérí pẹlẹbẹ bò. Bí a bá fa hándì-bíréèkì, tí a tẹ bíréèkì, tí a sì ki kọ́kọ́rọ́ bọ inú ihò náà, ọ̀pá yóò ṣe é fà sí níútírà.

Ti òkè kò kan iná rárá. Páàkì jẹ́ eyín irin kan ṣoṣo tí ń bọ́ sínú ihò lára àgbá eléyín inú gíà. Bí a bá gbé ọkọ̀ sí ibi tí ó dà gẹ̀rẹ́ láìfa hándì-bíréèkì, gbogbo ìwúwo ọkọ̀ ni yóò gbé ara lé eyín yìí, yóò sì há pinpin. Páàkì ti gba ipò ọmọ ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà, ṣùgbọ́n a kò ṣe é láti máa dá ru ẹrù náà. Ẹni tí ó bá fi agbára fa ọ̀pá lè já okùn rẹ̀. Kí a fi òkúta di táyà, kí ọkọ̀ mìíràn fi okùn fà á díẹ̀ láti apá òkè, kí awakọ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ ṣinṣin kí ó tó yọ ọ́. Yóò dún "gbà". Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró sí apá ìsàlẹ̀.

Ọ̀nà àbùjá kan wà tí a kò lè gbóríyìn fún, èyí ni yíyọ ìdènà náà sọnù pátápátá. Ọmọdé tí a fi sílẹ̀ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè fa ọ̀pá kúrò ní páàkì. Nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fi kọ ìdènà yìí sínú òfin ààbò àwọn ọmọdé nínú ọkọ̀, tí a fọwọ́ sí ní 2008. Lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, ewu náà ju ti orí ilẹ̀ títẹ́jú lọ.

Ní ti ibi tí ó dà gẹ̀rẹ́, ètò tí ó tọ́ ni kí awakọ̀ tẹ bíréèkì, kí ó fi gíà sí níútírà, kí ó fa hándì-bíréèkì, kí ó rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò kí hándì-bíréèkì lè gba ìwúwo ọkọ̀, kí ó tún tẹ bíréèkì, lẹ́yìn náà kí ó wá fi í sí páàkì. Bí hándì-bíréèkì kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, bí ó ti rí lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àgbà, òkúta abẹ́ táyà ni kí ó kọ́kọ́ gba ìwúwo náà.